Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Oyè Òjíṣẹ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Láti So Ọ̀rẹ́ Yín Pọ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ darí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àwọn ẹgbẹ́ ìsìn kan wà tó ń fi ènìyàn jẹ òjíṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ àdírẹ́sì, ẹ kọ ímeèlì, ó parí. Ìyẹn ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà, òun náà ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ohun tó ń sọ ènìyàn méjì di tọkọtaya lójú ìjọba ni láísẹ́ǹsì ìgbéyàwó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ akọ̀wé káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà), tí wọ́n lò kó tó kú, tí ẹni tí òfin ìpínlẹ̀ yẹn gbà fọwọ́ sí, tó sì padà dé ọ́fíìsì lásìkò. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ayẹyẹ lè dùn yùngbà kí ìgbéyàwó má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, Maryland, Atlanta, Chicago àti New York nílò ìṣọ́ra yìí ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó wa ló ní ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ bá fẹ́ ṣe ìwé fún ìyàwó tàbí ìyàwó fún ọkọ, ohun àkọ́kọ́ tí USCIS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìwé ìgbélùú, máa wò ni bóyá ìgbéyàwó náà bá òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é mu. Bí kò bá bá a mu, fọ́tò àti fídíò kò lè gbà á là.

Òfin ibi tí ẹ ti fẹ́ ṣe é

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, ẹ bi tọkọtaya pé: ìlú wo, káúńtì wo? Òfin kì í wo ibi tí ẹ̀yin ń gbé, kì í sì í wo ibi tí ìyàwó ń gbé. Bí ẹ bá ń gbé Texas, tí tọkọtaya ń gbé Georgia, tí wọ́n wá gba gbọ̀ngàn sí Nashville, òfin Tennessee lẹ ó tẹ̀ lé.

Tennessee sì le. Ní 2019, ilé aṣòfin wọn kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé ẹni tó gba oyè òjíṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ so ènìyàn pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà pe ẹjọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ yín dán òfin wò. Kí tọkọtaya lọ sí iwájú akọ̀wé káúńtì tàbí adájọ́, kí ìyẹn so wọ́n pọ̀ kó sì fọwọ́ sí ìwé, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin darí ayẹyẹ ní Sátidé pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ tó bá yẹ. Kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀ nínú gbọ̀ngàn.

Ní Virginia, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ ti sọ láti 1974 pé òjíṣẹ́ Universal Life Church, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń fúnni lóyè bẹ́ẹ̀, kò ní àṣẹ láti so ènìyàn pọ̀. Títí dòní, òjíṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí oyè àti ẹ̀rí ìjọ rẹ̀ lọ sí Circuit Court, kóòtù ìpínlẹ̀ náà, kó tó rí àṣẹ gbà. Ẹni tí kì í ṣe òjíṣẹ́ lè bẹ kóòtù kan náà pé kó fún òun láṣẹ fún ìgbéyàwó kan ṣoṣo, ọ̀nà yìí la sì fẹ́ràn jù fún Virginia. Ọ̀pọ̀ wa ní agbègbè Washington ló ń gbé Maryland tó ń gba gbọ̀ngàn sí Virginia. Odò Potomac nìkan ló là wọ́n láàárín, òfin wọn kò jọra rárá.

Ní New York, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan pinnu ní 1989 pé ìgbéyàwó tí òjíṣẹ́ Universal Life Church darí kò bófin mu. Ní 2013, ilé ẹjọ́ mìíràn nínú ìpínlẹ̀ kan náà kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Nígbà tí àwọn adájọ́ kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ má dá sí i. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹta 2023, New York ti ní àṣẹ ọjọ́ kan: ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè lọ gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé ìlú fún ìgbéyàwó kan pàtó, dọ́là 25 ni owó rẹ̀, kò sì sí pé ẹ ń gbé New York tàbí ẹ kì í gbé ibẹ̀. Massachusetts náà ní irú rẹ̀, ọ́fíìsì gómìnà ló ń fọwọ́ sí i. Ní California, àwọn káúńtì kan máa ń fi ènìyàn ṣe igbákejì kọmíṣọ́nnà ìgbéyàwó fún ọjọ́ kan. Níbikíbi tí ìjọba bá ti lè fún yín láṣẹ ọjọ́ kan fúnra rẹ̀, ẹ gba tìjọba, ẹ fi oyè íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò sí lọ́yà tó máa wá bi yín léèrè ìjọ tí ẹ ń lọ.

Ẹjọ́ kan tó dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní North Carolina ní 1980 fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe lè yíwọ́. Bàbá ìyàwó, ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí kì í ṣe àlùfáà, fi dọ́là 10 ra sátífíkéètì òjíṣẹ́ nípasẹ̀ lẹ́tà, òun ló sì so ọmọ rẹ̀ àti ọkọ ọmọ rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó yá, ọkọ yìí lọ fẹ́ obìnrin mìíràn, ìjọba sì fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ ìyàwó méjì. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀: wọ́n ní ìjọba kò fi hàn pé ìgbéyàwó àkọ́kọ́ bófin mu. Ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ so yìgì fún, òun ni òfin kò rí gbà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé aṣòfin wọn ṣe òfin láti fẹsẹ̀ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, èyí tó wáyé ṣáájú ọjọ́ 3 oṣù keje 1981.

Àwọn ìpínlẹ̀ tó rọrùn pọ̀. Ní Texas, California, Georgia, Maryland àti Illinois, òjíṣẹ́ kò ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kó tó darí ìgbéyàwó. Texas tiẹ̀ ní òfin tó ń dáàbò bo tọkọtaya: bí ẹni tó so wọ́n pọ̀ kò bá ní àṣẹ, àmọ́ tó jọ ẹni tó ní in, tí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn sì fi òótọ́ inú wọ inú ìgbéyàwó, ìgbéyàwó náà dúró. Ṣùgbọ́n ní Ohio, ẹ ó forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Secretary of State, ìyẹn akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ní Hawaii, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ló ń fúnni láṣẹ. Ní Nevada àti Minnesota, káúńtì ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Las Vegas kó má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Bí kì í bá ṣe Amẹ́ríkà

Oyè yìí kò bá yín sọdá omi. Ní England àti Wales, tọkọtaya gbọ́dọ̀ fi ìfitónilétí sílẹ̀ fún ó kéré tán ọjọ́ 28, kí akọ̀wé ìjọba tàbí ẹni tí ìjọba fún láṣẹ sì wà níbi ètò náà. Ohun tí ọ̀rẹ́ bá darí nínú gbọ̀ngàn ní London jẹ́ ayẹyẹ nìkan, kí wọ́n ti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì ṣáájú.

Ní Nàìjíríà, òfin ìgbéyàwó sọ pé inú ilé ìjọsìn tó ní láísẹ́ǹsì ni, láti ọwọ́ òjíṣẹ́ tí ìjọ tó ni ilé náà mọ̀, láàárín aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ni. Sátífíkéètì òjíṣẹ́ láti Seattle, níbi tí méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ náà wà, kò já mọ́ nǹkan kan ní Ìkòyí, òfin náà sì ní ìjìyà fún ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní àṣẹ tó ṣì darí ìgbéyàwó. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ní tirẹ̀ kò nílò òjíṣẹ́ rárá: ẹbí méjì ló ń ṣe é.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń lọ ṣe é létíkun ilẹ̀ mìíràn pẹ̀lú. Tọkọtaya kan láti New York lọ ṣe ìgbéyàwó létíkun ní Mexico, ìbátan ọkọ tó gba oyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló darí rẹ̀, wọn kò sì tẹ̀ lé òfin Mexico. Nígbà tí ìyàwó béèrè ìkọ̀sílẹ̀, adájọ́ ní Manhattan sọ ní 2014 pé kò sí ìgbéyàwó kankan tó máa tú ká. Ẹni tí kò bá sí ìgbéyàwó láàárín wọn kò lè béèrè ìpín dúkìá bí ìyàwó. Kí wọ́n fọwọ́ síwèé ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó wọ bààlúù.

Ẹ pe ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì

Ẹ má gbára lé ohun tí ìkànnì ẹgbẹ́ tó fún yín lóyè sọ nípa òfin ìpínlẹ̀. Ẹ gbé fóònù. Òṣìṣẹ́ lè sọ pé àwọn kì í fúnni ní ìmọ̀ràn òfin, nítorí náà ẹ má bi í pé "ṣé mo lè so wọ́n pọ̀?" Ẹ bi í ní ohun tó lè dáhùn. Ṣé òjíṣẹ́ ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ìwé wo ni yóò mú wá, mélòó lowó rẹ̀? Ẹlẹ́rìí mélòó? Kí ni òjíṣẹ́ tí ìjọ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa kọ síbi oyè àti síbi ìjọ? Ọjọ́ mélòó ló ní láti dá láísẹ́ǹsì padà, ṣé lẹ́tà lè gbé e wá? Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti ọjọ́ tí ẹ pè. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó ló dára jù fún ìpè yìí, kí ààyè wà láti yí ètò padà bí ìdáhùn bá burú.

Gbígba oyè náà

Kirby Hensley ló dá Universal Life Church sílẹ̀ ní Modesto, ní California, ó sì ti ń fi lẹ́tà fúnni lóyè tipẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Universal Life Church Monastery tó wà ní Seattle yàtọ̀ sí ti Modesto, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. American Marriage Ministries náà wà ní Seattle, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ìgbéyàwó ni wọ́n sì dojú kọ ní pàtàkì. Ẹ mọ èyí tí ẹ gbà gan-an, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lórí sátífíkéètì nígbàkigbà tí wọ́n bá béèrè.

Orúkọ tó wà lórí páàsípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín ni kí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè yín láàárín ọ̀rẹ́. Ibí yìí ló ti máa ń bà jẹ́ fún wa. Ẹni tó jẹ́ Olúwafẹ́mi lórí páàsípọ́ọ̀tù á kọ Fẹ́mi. Ìyàwó ilé tí orúkọ ọkọ wà lórí páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ á kọ orúkọ bàbá tirẹ̀. Bí akọ̀wé bá fi méjèèjì wéra tí wọn kò bára mu, ó di wàhálà. Àmì ohùn kò pọn dandan, ṣùgbọ́n lẹ́tà gbọ́dọ̀ pé.

Ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí wọ́n ń tà ni ìwé: sátífíkéètì, lẹ́tà tó fi hàn pé ẹ wà lára ìjọ náà ní ipò tó dára, káàdì, aṣọ, ìwé àwòkọ́ṣe. Ra kìkì ohun tí káúńtì bá béèrè, tó sábà máa ń jẹ́ sátífíkéètì àti lẹ́tà. Bí káúńtì kò bá béèrè ohunkóhun, ẹ ra sátífíkéètì kan ṣoṣo kí ẹ tọ́jú rẹ̀, torí ìgbà tí ìwé ìgbélùú tàbí ọ̀rọ̀ ogún bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lẹnìkan lè béèrè pé ta ló so wọ́n pọ̀. Kí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó. Oyè tí ẹ gbà lọ́jọ́ Ajé kò lè wo ìgbéyàwó Sátidé tó kọjá sàn.

Bí ẹ bá wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, ẹ má gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ tọkọtaya.

Láísẹ́ǹsì tọkọtaya

Tọkọtaya ló ń lọ gba èyí, ẹ̀yin kọ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ó máa rán wọn létí, nítorí aṣọ ẹbí, oúnjẹ àti ẹgbẹ́ olórin ti gba gbogbo orí wọn. Láísẹ́ǹsì ní ìdúró ní iwájú àti ikú ní ẹ̀yìn. Ní Texas, wákàtí 72 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó lò ó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lò ó kí ọjọ́ 90 tó pé. Ní New York, wákàtí 24 ni ìdúró, ọjọ́ 60 ni ẹ̀mí rẹ̀. Ní Illinois, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, ó sì ń lo ọjọ́ 60. Ní California, kò sí ìdúró, ọjọ́ 90 ni. Ní Maryland, ìdúró bí ọjọ́ méjì wà, oṣù mẹ́fà ni ẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ló bọ́ sí i níbi gbogbo.

Ọ̀fìn kan wà ní Maryland àti Illinois tí ènìyàn kì í rí: láísẹ́ǹsì káúńtì kan kò ṣiṣẹ́ ní káúńtì kejì. Bí tọkọtaya bá gba tiwọn ní Prince George's County nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tí gbọ̀ngàn sì wà ní Baltimore, ìwé tí kò tọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo àdírẹ́sì gbọ̀ngàn lórí máàpù káúńtì, kí ẹ má wo orúkọ ìlú nìkan.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè kedere: ṣé ẹ ti ṣe kóòtù tẹ́lẹ̀, níbí tàbí ní ilé? Bí wọ́n bá ti fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó ní ọdún tó kọjá, wọ́n ti di tọkọtaya. Kò sí láísẹ́ǹsì tuntun tí ẹ máa fọwọ́ sí, ẹ kò sì nílò oyè kankan. Ìwé kejì pẹ̀lú ọjọ́ kejì máa ń dá ìbéèrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ìwé ìgbélùú.

Òbí àti alága

Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú òfin, ṣùgbọ́n ó lè tú ìnáwó ká. Bàbá tó ti ń retí pé pásítọ̀ tàbí áfáà òun ni yóò so ọmọ òun pọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ nínú gbọ̀ngàn pé ọ̀rẹ́ ọmọ òun ni. Kí tọkọtaya fúnra wọn sọ fún òbí méjèèjì, oṣù púpọ̀ ṣáájú, kí wọ́n sì sọ ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹ lọ kí àwọn òbí. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ tọrọ àdúrà wọn. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Bí ilé kan bá jẹ́ Mùsùlùmí tí èkejì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, kí àgbà kan láti ilé kọ̀ọ̀kan gbàdúrà, kí ẹ dá ìṣẹ́jú méjì méjì fún wọn.

Ẹ má pe ara yín ní Pásítọ̀ tàbí Reverend nínú ìwé ètò ìgbéyàwó. Àwọn àgbà tó mọ ohun tí oyè yẹn ń náni kò ní fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. "Ẹni tó darí ètò" tó. Oyè tó wà nínú láísẹ́ǹsì ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin, ìyẹn lẹ ó kọ bí akọ̀wé bá ṣe sọ.

Bí ìdána bá máa wáyé lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ pe alága ìdúró àti alága ìjókòó. Àwọn ló ni lẹ́tà, ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹrù ìyàwó. Ẹ má gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa fi oyin, iyọ̀, ataare, obì àti orógbó wúre. Bí wọ́n bá máa ṣe é, ẹ má tún un ṣe. Bí kò bá sí ìdána, tí tọkọtaya sì fẹ́ ìtọ́wò yìí, ẹ ṣe é kó pé: ṣíbí kékeré oyin kan, iyọ̀ díẹ̀ ní ìka, ẹyọ ataare kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, awẹ́ obì kékeré kan, orógbó tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́ nílé, àti omi tútù nítòsí. Ataare méjì tàbí mẹ́ta á mú ìyàwó sunkún ju bó ti yẹ lọ, ohùn rẹ̀ á sì há nígbà tó bá fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí ìtọ́wò wá lẹ́yìn ẹ̀jẹ́, kó má ṣáájú rẹ̀.

Ètò náà gan-an

Ìṣẹ́jú 20 tó. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun méjì ni kò gbọ́dọ̀ sọnù: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú yín pé òun gbà, kí ẹ̀yin sì kéde pé wọ́n ti di tọkọtaya. Ìyókù jẹ́ ẹwà. Ẹ kọ àwọn méjì yìí sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì fi àmì sí wọn nínú ìwé yín, nítorí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè fo ojú ìwé kan.

Ìbéèrè náà lè rí báyìí: "Káyọ̀dé, ṣé tinútinú rẹ lo fi gbà láti fẹ́ Mojísọ́lá ní aya, láti òní lọ?" Kó dáhùn sókè pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà." Ẹ bi ìyàwó bákan náà. Mímì orí kò tó. Kí ẹ̀rọ tó ń gba fídíò gbọ́ ọ. Ìkéde náà: "Níwọ̀n bí ẹ̀yin méjèèjì ti gba ara yín níwájú gbogbo wa, mo fi àṣẹ tí ìpínlẹ̀ Texas fún mi kéde pé ẹ ti di tọkọtaya." Bí ọ̀kan nínú wọn, tàbí ẹlẹ́rìí, kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ sọ méjèèjì ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Oríkì àti ìwúre lè wà ní Yorùbá nìkan, kò sí ìjà. Ìbéèrè àti ìkéde kò gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni tó máa fọwọ́ síwèé.

Fún ọ̀rọ̀ ìtàn nípa tọkọtaya, ẹ bá ọkọ àti ìyàwó sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun kan náà: nígbà wo lo mọ̀ pé ẹni yìí ni? Kí ló máa ń ṣe nígbà tí ara rẹ kò bá yá? Ìdáhùn méjèèjì ló máa fún yín ní ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí etígbọ̀ọ́ wọn kó tó di ọjọ́ náà, àyàfi tí wọ́n bá sọ pé àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má mẹ́nu kan olólùfẹ́ àtijọ́, owó, oyún tàbí ìwé ìgbélùú. Bí ọkọ bá jẹ́ ọmọ Ìgbò, Gánà tàbí ọmọ Amẹ́ríkà dúdú, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ àti ti òbí rẹ̀, kí ẹ gbà á sórí fóònù láti ẹnu ìyá rẹ̀ kí ẹ máa gbọ́ ọ. A kì í fẹ́ kí wọ́n ba orúkọ tiwa jẹ́.

Lẹ́yìn ìtàn ni ìbéèrè, ẹ̀jẹ́, òrùka, ìtọ́wò bó bá wà, ìwúre àwọn àgbà, lẹ́yìn náà ìkéde. Kí ẹ̀jẹ́ tí wọ́n bá fúnra wọn kọ má ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé yín, torí ẹnìkan á gbàgbé tirẹ̀ sílé. Bí ẹ bá ń ka ẹ̀jẹ́ kí wọ́n tún un wí, ẹ gé e sí ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà; gbólóhùn gígùn á fọ́ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ẹ tẹ ìwé yín jáde pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, 16 ó kéré tán, kí ẹ fi sínú fáìlì dúdú. Fóònù kò dára fún iṣẹ́ yìí: iná rẹ̀ á kú, ẹnìkan á sì pè. Níbi ìdánrawò, ẹ dán máìkì wò kí ẹ sì fi ẹni tí yóò gbé e sẹ́nu tọkọtaya mọ̀, nítorí ọwọ́ wọn á wà nínú ara wọn. Bí ìyàwó bá ti wọlé tí gbogbo ènìyàn dìde, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ pé kí wọ́n jókòó. Àwọn tó gbàgbé èyí pọ̀, àwọn àgbà á sì dúró lórí ẹsẹ̀ títí. Nígbà tí ẹ bá sì ti kéde tán, kí wọ́n tó fẹnu konu, ẹ rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí ojú yín má bàa wà láàárín wọn nínú fọ́tò.

Fífọwọ́ síwèé àti dídá a padà

Ẹ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ tọkọtaya ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ kà á látòkè délẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó máa kú, ẹ wo orúkọ, ẹ wo káúńtì. Àṣìṣe tí ẹ bá rí lọ́jọ́ Ẹtì ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣeé tún ṣe kí ọ́fíìsì tó tì; èyí tí ẹ bá rí lọ́jọ́ Sátidé kò ṣeé tún ṣe.

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí apá ìgbéyàwó kí ìgbéyàwó tó wáyé, kódà bí onífọ́tò bá ní ìmọ́lẹ̀ ń lọ. Lẹ́yìn ètò, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó tọkọtaya àti ẹlẹ́rìí sí yàrá kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bírò dúdú ni kí ẹ lò. California ń béèrè ẹlẹ́rìí kan ó kéré tán fún láísẹ́ǹsì gbangba, New York náà béèrè ẹyọ kan. Texas àti Maryland kò béèrè. Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ, oyè, ìjọ àti àdírẹ́sì yín. Níbi ọjọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dáhùn ìbéèrè tí ẹ sì kéde, kì í ṣe ọjọ́ ìdána. Níbi ibi tó ti wáyé, àwọn káúńtì kan fẹ́ orúkọ ìlú àti káúńtì, kì í ṣe orúkọ gbọ̀ngàn.

Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ má fi oje funfun pa á rẹ́, ẹ má sì fa ìlà lé e. Ní California, ìwé tí wọ́n bá pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀ máa ń padà wá, tọkọtaya á sì ní láti san owó fún ẹ̀dà mìíràn kí gbogbo yín tún fọwọ́ sí i. Ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ pe akọ̀wé lọ́jọ́ Ajé, ẹ ṣe bó bá ṣe wí.

Ẹ ya fọ́tò ìwé náà níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ni kí ẹ mú un lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọkọ tàbí ìyàwó, ẹ má sì fi í sínú àpò tí àwọn tó ń gba owó nínáwó ń lò. Ní Maryland, ọjọ́ 5 lẹ ní láti dá a padà. New York náà ọjọ́ 5. California àti Illinois ọjọ́ 10. Texas àti Georgia ọjọ́ 30. Bí ọ́fíìsì bá sún mọ́ yín, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ lọ́jọ́ Ajé kí ẹ gba rìsíìtì. Bí kò bá sún mọ́, ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ lè fi tọpa rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí tọkọtaya.

Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí tọkọtaya pe ọ́fíìsì náà láti mọ̀ pé wọ́n ti kọ ìgbéyàwó sínú ìwé, kí wọ́n sì ra ẹ̀dà tó ní èdìdì. Mẹ́ta ló dára: ọ̀kan fún yíyí orúkọ padà ní Social Security àti páàsípọ́ọ̀tù, ọ̀kan fún ìwé ìgbélùú, ọ̀kan fún ilé. Kí wọ́n ka orúkọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu fèrèsé akọ̀wé.